Bí Ẹsẹ̀ Àgbọ̀nrín Ṣe Gbé Mi Dé Accra

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Accra, ẹran ni mo sìn lọ. Kì í ṣe ẹran òòyè o. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó ti gbẹ, ó wà nínú kúlà, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti ń kọ ìròyìn kiri ilẹ̀ Yewa yìí, láti Ìlaròó dé Ifọ̀nyìntẹ̀dó. Mo ti tẹ̀lé ọba, mo ti tẹ̀lé olóṣèlú, mo ti tẹ̀lé àwọn onífàyàwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ mi rèé tí màá tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹran sọdá ẹnubodè mẹ́ta.

Kí a tó kúrò nílé

Bàbá Àjàní ló ni ọ̀rọ̀. Ọdẹ ni, abúlé kan lẹ́yìn Ayétòrò ló ń gbé, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹran àgbọ̀nrín síta lẹ́bàá títì kó lè tà á, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì já lù ú. Wọ́n ti gbọ́ ìró ìbọn ní ìdájí ọjọ́ náà lápá ibi tí igbó ọba wà, ìyẹn igbó tí ìjọba kà léèwọ̀ fún gbogbo ọdẹ. Wọ́n gba ẹran, wọ́n gba ìbọn Bàbá, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni.

Bàbá ní òun kò fi ẹsẹ̀ tẹ igbó ọba. Ó ní inú oko ẹ̀gẹ́ Màmá Rísíkátù, tó fi ẹ̀gbẹ́ kan ààlà igbó náà, lòun ti yìnbọn, ibẹ̀ náà ni ẹran sì ṣubú sí.

"Ẹ lọ bi í," ó wí fún mi nígbà tí mo bá a nílé. "Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo ti gbé ẹsẹ̀ ilẹ̀ fún un."

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì bá ọdẹ ibẹ̀ gbé: ẹni tí ẹran bá ṣubú sí oko rẹ̀ ló ni ẹsẹ̀ iwájú kan lára ẹran náà. Ẹsẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ kì í fi du onílẹ̀, kì í sì í gbé e fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbà pé ìbọn ọdẹ tó bá fún ẹni tí kò ni ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ kò ní í pa nǹkan mọ́ láéláé. Bàbá Àjàní kò jẹ́ dán an wò, ẹ̀wọ̀n ì báà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́yà rẹ̀ wá dá ìmọ̀ràn kan. Ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Màmá wé ẹran tí ìjọba gbà. Bí méjèèjì bá jẹ́ ti ẹranko kan náà, tí kì í kàn ṣe pé àgbọ̀nrín ni méjèèjì, a jẹ́ pé oko Màmá ni ẹran ti ṣubú. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ṣe DNA. Lọ́yà mọ dókítà kan ní Accra tó ń ṣe é fún ẹran ìgbẹ́.

Ní Ayétòrò, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. DNA tí a mọ̀, ti ta-ni-bàbá-ọmọ ni. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí abúlé náà yíjú padà sí mi lórí eré. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bá àgbọ̀nrín du ọmọ?"

Sẹ̀wànú ni wọ́n ní kó gbé ẹ̀rí lọ. Òun gan-an ni ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú Bàbá. Ọmọ Ègùn ni láti ìhà Ìpókíá, ó ga, kì í tètè rẹ́rìn-ín, ó sì dá a lójú pé Bàbá purọ́. "Ọdẹ wo lẹ rí tó jẹ́wọ́ rí?" ó bi mí. Ilé ìwé ìròyìn wa ní kí n bá a lọ. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe lọ gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ Màmá Rísíkátù.

Màmá ní ká jókòó. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ẹ má bínú, mò ń tún un ṣe ni," ó ń ké sí wa láti inú ilé. Nígbà tó jáde, abọ́ tánganran ló fi gbé e, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹsẹ̀ náà ti gbẹ, ó pọ́n, ó ń dán.

"Ṣé àwọn dókítà lẹ máa gbé e fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nílùú òkèèrè?"

"Ní Accra."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn."

Sẹ̀wànú wé e sínú ọ̀rá, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó fi í sínú kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkìrí kan tí wọ́n gé lára ẹran tí ìjọba gbà. Èmi náà fọwọ́ sí ìwé pé ojú mi ló ṣe. Ojú mi ló ṣe lóòótọ́.

Ẹran tó jẹ́ ẹ̀rí

Ní Ìdí-Ìrókò, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tò gbọọrọ, àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín wọn kọjá bí ẹja. A ò tí ì sọ̀ kalẹ̀ tán tí kọ́sítọ́ọ̀mù kan fi nàka sí kúlà wa.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀rí ni, sà," Sẹ̀wànú dá a lóhùn.

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Ẹ̀rí ẹjọ́."

Ọkùnrin náà ṣí ìdérí, ó ti orí bọ̀ ọ́, ó fa imú. "Ẹran gbígbẹ lẹ̀ ń pè ní ẹ̀rí?"

"Ẹran tó jẹ́ ẹ̀rí ni, sà. Ìwé kóòtù rèé."

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà kà á, ó gbé ojú sókè, ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Wọ́n ti fi ìrẹsì purọ́ fún mi níbí," ó wí. "Wọ́n ti fi òkú purọ́ fún mi. Ọdẹ pa ẹran, ẹran wá ń lọ jẹ́rìí nílùú onílùú. Èyí le ju ohun tí ènìyàn lè jókòó ronú gbé kalẹ̀ lọ. Ẹ máa lọ."

Ọlọ́pàá tó wà lódì kejì kò tilẹ̀ ka ìwé. Ó bi Sẹ̀wànú ní Faransé bóyá a ti fi ata sí i.

Láti ibẹ̀ lọ, mo di odi. Sẹ̀wànú tí kì í sọ̀rọ̀ nílé ni ẹnu rẹ̀ wá là. Ó ń sọ Ègùn pẹ̀lú gbogbo ẹni tí a bá pàdé, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ń nàka sí mi. Ní Àjàṣẹ́, ìlú ńlá tí a kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ẹnubodè, a jẹ àkàsà lọ́wọ́ obìnrin kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ wa náà ni, àmọ́ ó kan díẹ̀ ju tiwa lọ, ewé rẹ̀ sì tóbi. Wọ́n fi ẹja díndín tì í, wọ́n fi ata tútù tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ mẹ́rin. Obìnrin náà bi Sẹ̀wànú ní nǹkan kan.

"Kí ló wí?" mo bi í.

"Ó ní ṣé Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ ni."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní Ànàgó ni yín."

Nílé, àwọn ará Ifọ̀nyìntẹ̀dó là ń pè bẹ́ẹ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Accra, gbogbo Yorùbá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni.

Bọ́njúù

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ní Lomé ni òkun. Ó kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, bíi aládùúgbò tí kò ní iṣẹ́. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ iyọ̀ sí mi létè, òòrùn sì ń ràn láìfi ooru ni ẹnikẹ́ni lára.

Ibẹ̀ ni mo ti tẹ́. Mo fẹ́ ra omi, mo na ọwọ́ sí ike kan lórí àtẹ ọkùnrin kan, mo bi í ní èló pẹ̀lú ìka. Kò dá mi lóhùn. Mo tún bi í. Ó wo òkun. Sẹ̀wànú fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ ò kí i."

"Omi ni mo fẹ́ rà, mi ò wá fẹ́ ọmọ rẹ̀."

"Ẹ kí i, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní bọ́njúù. Ojú ọkùnrin náà là, ó dìde dúró, ó kí mi, ó béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó fi aṣọ nu ike omi náà kó tó gbé e fún mi. Èmi ọmọ Yorùbá, tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró, tí a ń kí ẹni tó ń fọ abọ́, ará Tógò ló kọ́ mi ní ìkíni. Mo gbé ìtìjú yẹn wọ Gánà.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Dókítà tí a lọ bá ní Accra, Efua lorúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á súnmọ́ ọn. A wọlé, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n kọ́kọ́ gbé omi tútù fún wa, a mu ún tán, ó gba ife lọ́wọ́ wa fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá jókòó tó ní ká sọ ohun tó gbé wa wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò níbẹ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ àlejò gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Kò já lu ọ̀rọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo dé ibi ẹsẹ̀ ilẹ̀, ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ṣí kúlà. Ẹran tí ìjọba gbà wà nínú ọ̀rá kan, ẹsẹ̀ Màmá wà nínú èkejì. Ó gbóòórùn èkejì, ó gbé ojú sókè díẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ilé àyẹ̀wò náà ló di ọ̀rẹ́ mi. Kẹ́ńkè ló máa ń jẹ lọ́sàn-án, ìyẹn àgbàdo kíkan tí wọ́n sè nínú háhá, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú kan tó ń ta ènìyàn lẹ́yìn tó bá ti gbé e mì tán. Ó ní kí n wá bá òun jẹ. Mo ní, bí a ṣe ń sọ nílé, "Á gba ibi ire." Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń bọ̀ lókèèrè, á pariwo, "Ànàgó, gba ibi ire," ì báà má sí oúnjẹ níbẹ̀ rárá.

Àgbò

Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà Efua pè wá wọlé.

"Ẹran tí ìjọba gbà, àgbọ̀nrín ni. Akọ ni."

"A mọ̀ bẹ́ẹ̀," Sẹ̀wànú fèsì.

"Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé wá…" Ó wo ìwé rẹ̀, ó tún wò wá. "Àgùntàn ni. Àgbò."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Sẹ̀wànú fi ẹ̀yìn ti àga. "Ẹ̀gbọ́n, ọdẹ yín ti lọ yìnbọn pa àgbò o."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Bí ìwé yẹn bá dé kóòtù bẹ́ẹ̀, Bàbá Àjàní ti di òpùrọ́, Màmá Rísíkátù ti di ẹlẹ́rìí èké, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe. Mo bọ́ síta, mo pe Màmá lórí fóònù. Sẹ̀wànú tẹ̀lé mi. Ó ní kí n ṣí ohùn rẹ̀ sókè kóun náà lè gbọ́.

"Màmá, ẹsẹ̀ tí ẹ gbé fún wa yẹn."

"Ṣé wọ́n ti jẹ ẹ́? Ṣé iyọ̀ rẹ̀ ò pọ̀ jù?"

"Wọn ò jẹ ẹ́, Màmá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni. Wọ́n ní àgbò ni."

"Wọ́n mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Ah. Dókítà yẹn mọ̀wé."

"Màmá, ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ńkọ́?"

"Ṣé egungun yẹn? Ó wà lókè ààrò. Mo ti ha ara rẹ̀ sọ́bẹ̀, ológbò ti bá mi jẹ níbẹ̀, ó ti dúdú bí èédú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn dókítà, nílùú òkèèrè, kí n wá gbé egungun tí ológbò jẹ kù ránṣẹ́ sí wọn? Kí wọ́n máa wí pé a ò rí ẹran jẹ lọ́dọ̀ wa? Ẹsẹ̀ iwájú àgbò Iléyá mi ni mo gbé fún yín. Ọkọ Rísíkátù ni mo fi pamọ́ dè tẹ́lẹ̀. Mo fi iyọ̀ pa á, mo fi epo pa á. Ṣé ohun tí mo ṣe burú ni?"

Mo ní kò burú. Kí ni kí n sọ?

Sẹ̀wànú jókòó sórí àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ó ti gbé ẹ̀rí wá, ẹ̀rí ti sọ̀rọ̀, òǹtẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bó bá gba ìwé yẹn tó padà sílé, kò sí ẹni tó máa bá a wí, wọ́n tilẹ̀ lè yìn ín. Ó pẹ́ tó fi ń fi ọwọ́ ha àgbọ̀n.

"Nígbà tí mo wà ní pírámárì," ó wí níkẹyìn, "tíṣà ní kí kálukú mú ìgbálẹ̀ tó ti gbó wá, ó fẹ́ fi kọ́ wa ní nǹkan. Ìyá mi ra tuntun fún mi. Ó ní ìgbálẹ̀ gbígbó ò ní í ti ilé òun jáde. Tíṣà nà mí."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ìyá mi á ṣe ohun tí Màmá yẹn ṣe ni." Ó yọ fóònù tirẹ̀. Ó pe akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ayétòrò pé kó mú lọ́yà dání, kí wọ́n jọ lọ sí ilé ìdáná Màmá, kí wọ́n gbé egungun tó wà lókè ààrò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i lójú gbogbo ènìyàn, kó sì gbé e wá bá wa. Ó fẹ́ pa fóònù, ó tún gbé e padà sétí. "Má jẹ́ kí Màmá fọ̀ ọ́ o."

Ojúlé sí ojúlé

Nígbà tí à ń retí egungun, mo bi Dókítà Efua bó ṣe lè mọ àgbọ̀nrín kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ní tèmi, gbogbo wọn ló jọra.

Ó ní ká wò ó bí àdúgbò tó ní ojúlé púpọ̀. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, ẹranko gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òun a máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé sí ojúlé, òun a máa kọ ohun tí òun bá níbẹ̀ sílẹ̀. "Àgbọ̀nrín méjì lè bára mu ní ojúlé kan tàbí méjì," ó wí. "Ìbátan lè bára mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá bára mu ní gbogbo ojúlé tí mo kàn, ẹran kan náà ni wọ́n. Bí ojúlé kan péré bá sì yàtọ̀ ní tòótọ́, ẹjọ́ ti tú."

"Ẹran tó ti gbẹ ńkọ́? Tí ológbò ti jẹ?"

"Ológbò kì í jẹ inú egungun," ó dáhùn.

Sẹ̀wànú wà níbẹ̀. Mo rí i pé ó ń gbọ́. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ti wáyé, kò tún sọ pé Bàbá purọ́. Kò sì sọ pé kò purọ́. Àwa méjèèjì ń jẹ kẹ́ńkè, a ń lọ wo òkun, a ń padà bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, láàárín oúnjẹ, ó bi mí pé, "Bó bá jẹ́ òtítọ́ ni Bàbá ń sọ, Ẹ̀gbọ́n, báwo ni màá ṣe wò ó lójú?" Mo ní kó jẹun.

Egungun náà dé. Ó dúdú, ó rí tín-ín-rín, ojú eyín ológbò hàn lára rẹ̀. Bí mo ti rí i, ọ̀rọ̀ Màmá yé mi. Èmi náà ò ní í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Dókítà Efua fi ẹ̀rọ lu ihò tóóró sí i, ó gba ìyẹ̀fun funfun tó jáde nínú rẹ̀, ó ní ká lọ.

Ọjọ́ tó pè wá padà, ó tún kọ́kọ́ fún wa ní omi. Mo mu ún láìmọ̀ pé mo mu ún.

"Gbogbo ojúlé," ó wí. "Gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ẹran tí ìjọba gbà àti egungun yìí, ọ̀kan náà ni."

Sẹ̀wànú gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ló rí ojú mi nígbà tí a jáde. Ó pariwo, "Gba ibi ire," ìyẹn nìkan ló sì bọ́ sí àkókò nínú gbogbo èyí tó ti ń sọ.

Ilẹ̀ ta ni

Mi ò ní í fi kóòtù dá yín dúró. Adájọ́ ka ìwé Accra, ó bi Màmá Rísíkátù ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ẹsẹ̀ ilẹ̀, ó bi í ní ọ̀kan nípa àgbò, ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì dá Bàbá sílẹ̀.

Sẹ̀wànú ló gbé ìbọn padà fún un fúnra rẹ̀. Mo bá a lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dìde," Bàbá Àjàní wí. "Iṣẹ́ rẹ lo ṣe. Bí mo bá rí ọ nínú oko mi, tí o gbé ìbọn dání, èmi náà á mú ọ." Ó yíjú sí Màmá Rísíkátù tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. "Ìwọ lo fẹ́ fi àgbò rán mi lẹ́wọ̀n."

"Àgbò mi dà?" Màmá fèsì. "Ẹni tó jẹ ẹ́ ò tí ì dúpẹ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá tún ránṣẹ́ pè wá. Ó ti pa òyà kan nínú oko ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan wà lórí àwo, ó ti yan án gbẹ, kò ju àtàǹpàkò mi méjì lọ.

"Ẹ bá mi gbé e fún obìnrin Accra yẹn," ó wí.

"Bàbá, inú oko yín lẹ ti pa á," mo dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀."

"Òyà, inú oko mi ló ṣubú sí. Ẹjọ́ tó wà lọ́rùn mi ńkọ́, níbo ló ṣubú sí? Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ tirẹ̀ ní Accra ni?"

Sẹ̀wànú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rá àti òǹtẹ̀ jáde nínú àpò rẹ̀, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá Rísíkátù na ọrùn wo ẹsẹ̀ òyà náà lórí àwo, ó kanra, ó dìde, ó sì kọjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

"Kékeré yìí? Sí ìlú òkèèrè? Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ẹ jókòó."